“Ó máa mú wọn, ẹ̀gbọ́n”: rédíò tòkunbọ̀ tí mo rà ní Queen Cinema

Iye owó ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọkàn yín balẹ̀: ₦42,000 ni mo ra rédíò náà ní Queen Cinema, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ní Ìbàdàn. ₦65,000 ni ọmọkùnrin tó tà á kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, ó ní òun ò tíì tajà láti àárọ̀, kí n mú ₦50,000 wá. A wà lẹ́nu ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lára páànù ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí wa.

Ibi tí a ti ń nájà lọ́wọ́ ni mo ti bi í pé kí ni rédíò náà lè ṣe gan-an. Ó gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

“Ẹ̀gbọ́n, kò síbi tí kì í mú. London, Amẹ́ríkà, Sáúdí. Ẹ ṣáà fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ yìí jáde, kẹ́ ẹ máa gbádùn.”

“Ṣé ó lè mú Júpítà?”

Ó ronú díẹ̀. “Júpítà FM, àbí? Ó máa mú wọn, ẹ̀gbọ́n.”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Pílánẹ́ẹ̀tì ni Júpítà tí mo ń sọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yí oòrùn ká bíi ayé wa. Irọ́ ló pa, òótọ́ ló sì sọ. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí, kí ẹni tó bá fẹ́ náwó sí irú rẹ̀ lè mọ ohun tó ń rà.

Iṣẹ́ ọdẹ ni mò ń ṣe. Kì í ṣe ọdẹ ẹran o, ọdẹ géètì. Ilé onífúláàtì mẹ́rin kan ní Akóbọ̀ ni mo ń ṣọ́, láti aago méje alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀. Kí n tó dé ìdí géètì, mo ti kọ́ iṣẹ́ iná dé ìdajì ní pólì, owó tán, mo sì padà sílé. Ẹni tó mọ bí ayé ṣe rí kò ní bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀tá méjì ni ẹni tó ń ṣọ́lé lóru ní: olè àti oorun. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, olè ò tíì wá, oorun nìkan ni mò ń bá wọ̀jà, rédíò sì ni kùmọ̀ mi. Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ nípa àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé wọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Èmi ń wá asọ̀rọ̀mágbèsì tó ju ìyẹn lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé Júpítà ń pariwo. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú ìgbì rédíò dà sójú ọ̀run. Ọdún 1955 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Bernard Burke àti Kenneth Franklin, ṣalábàápàdé rẹ̀ láìwá a. Wọ́n ta wáyà rẹpẹtẹ sórí pápá kan ní Maryland, wọ́n ń tẹ́tí sí ojú ọ̀run lórí 22.2 megahertz. Ohun mìíràn ni wọ́n ń wá, àmọ́ ariwo kan ò jẹ́ kí wọ́n rímú mí. Wọ́n rò pé mọ́tò ni, pé ẹnì kan ló ń wakọ̀ lọ sílé lóru, tí iná pọ́lọ́ọ̀gì ọkọ̀ rẹ̀ ń ta sí ẹ̀rọ wọn. Ṣùgbọ́n mọ́tò wo ló ń bá ìràwọ̀ rìn? Ariwo náà ń tètè dé ju ti àná lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, bí ìràwọ̀ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó wà ní ọ̀gangan ibẹ̀, Júpítà ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shain ní Ọsirélíà wá padà tú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ti ọdún 1950 àti 1951 wò. Júpítà ti wà nínú ẹ̀ látọjọ́ náà, ó ti gbọ́ ọ láìmọ̀ pé òun gbọ́ ọ.

Ó yá, rédíò náà fúnra rẹ̀. Dúdú ni, kò ju Bíbélì àfọwọ́mú lọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́ níwájú rẹ̀, àfi àmì ibi tí lẹ́tà ti wà. Nọ́ńbà ló ń hàn lójú rẹ̀, ẹ má sì ra alábẹ́rẹ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, nítorí pé bí ẹ bá ní ẹ wà lórí 20, ó lè jẹ́ 19, ó lè jẹ́ 21. Ti èmi ń lọ láti 1.7 títí dé 29.99 megahertz láìfo ibì kankan. Bátìrì mẹ́rin ló ń lò. Àwọn tí ọmọkùnrin yẹn kó sínú rẹ̀ fún mi kú kí n tó dé Gate. Bọ́tìnnì ohùn rẹ̀ ń ha bí ìgbà tí èèyàn ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gílóòbù ojú rẹ̀ ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bóyá ẹ fẹ́ bóyá ẹ kọ̀.

Aago inú rẹ̀ ń kọ́? Ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré lójúmọ́. Inú kọ́kọ́ bí mi. Ìgbà tó yá ni mo rántí Burke àti Franklin, mo bú sẹ́rìn-ín lójú géètì: aago ìràwọ̀ ni wọ́n tà fún mi, wọn ò sì gbowó rẹ̀. Mi ò tún un tò mọ́.

Ohun tó dára jù lára rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò kékeré kan bíi ti íyàpíìsì, tí wọ́n fi ń ki áńtẹ́nà ìta bọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin yẹn ò mọ ohun tó wà fún. Ó ní ihò ṣájà ni, àmọ́ pé kì í gbé ṣájà.

Irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní kí n ṣáà fà jáde ni irọ́ ibẹ̀. Mo fà á jáde ní òru méje léraléra, mi ò gbọ́ nǹkan kan tó jọ ọ̀run. Ohun tí mo gbọ́ ni Akóbọ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbé rédíò ṣọ́ọ̀tù wéèfù jókòó sáàárín ilé lóru kò mọ̀ pé gbogbo nǹkan tí a rà sílé ló ń sọ̀rọ̀. Ṣájà fóònù ń kùn. Gílóòbù funfun tí kì í jẹ iná púpọ̀ ń ṣe bí oyin. Èyí tó burú jù ni ínfátà Dókítà ní fúláàtì kejì, tó ń kọrin kan náà lórí 18, lórí 20, lórí 22, bí ọmọ tí kò mọ̀ ju orin kan lọ.

Mo wá rò ó pé bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Bóyá èmi nìkan ni mo ń gbàdúrà kí iná lọ ní gbogbo Ìbàdàn. Iná sì lọ. Ínfátà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀kalẹ̀ sójú agbo lẹ́ẹ̀kan náà! Àfi kí iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, kí wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n dáadáa, kí fáànù ṣiṣẹ́ dáadáa, kí bátìrì kú ní aago mẹ́ta òru. Láti aago mẹ́ta sí ìdájí nìkan ni adúgbò wa ń dákẹ́ ní ti rédíò. Àkókò yẹn náà ló sì dára jù fún Júpítà, kì í ṣe nítorí Dókítà o. Ojú sánmà wa ní ọmọrí kan lókè téńté tí oòrùn ń gbóná mọ́, tó máa ń ki lọ́sàn-án tó sì ń fẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ṣe ń súnmọ́ àtimọ́. Ìgbì tó rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi 10 megahertz lọ kì í sábà gba ibẹ̀ wọlé. Júpítà ní tirẹ̀ kì í kọjá nǹkan bíi 40. Àárín méjèèjì ni rédíò ₦42,000 ti lè rí nǹkan jẹ. Àwọn tó ń ṣe Radio JOVE láti 1998, ètò tí NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, fi ń kọ́ èèyàn láti gbọ́ Júpítà, 20.1 ni wọ́n yàn, ibẹ̀ ni èmi náà jókòó sí.

Wáyà ni mo wá kọjú sí. Ìṣirò gígùn rẹ̀ ò le: ẹ mú 143, ẹ fi 20.1 pín in, ẹ óò rí mítà méje lé díẹ̀. Ẹ gé e sí méjì ọgbọọgba, apá kan tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lé díẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì dojú kọra láìfara kanra, kí wáyà dìṣì sì máa ti àárín wọn bọ̀ sí ìdí rédíò. Mo ra kọ́pà ní Ògùnpa, ₦4,000. Wáyà dìṣì jẹ́ ₦3,500. Ọparun méjì tí mo fi gbé e ga ju orí mi lọ dáadáa jẹ́ ₦3,000. Páìpù tó ya apá méjèèjì sọ́tọ̀, mo rí i nínú òkìtì tí àwọn púlọ́ńbà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí àárọ̀ ṣe mọ́, màmá tó ni ilé yọjú lójú fèrèsé.

“Bàbá Ṣadé, ṣé ibi tí a óò máa sáṣọ sí nìyẹn?”

“Rárá, Mà. Rédíò ni.”

“Rédíò tó gùn tó báyìí?”

Ìdáhùn tó yẹ kí n fún wọn, ìgbà tó yá ló tó wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ òfúrufú Voyager méjèèjì lọ ní 1977, irin méjì tó gùn ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n gbé mọ́ wọn lára, tó yọ síta bí ìwo ewúrẹ́, kí wọ́n lè fi gbọ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Tiwọn fi bí ìlọ́po mẹ́ta gùn ju apá kan wáyà mi lọ, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n. Voyager 1 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 1979, ó gbọ́ àwọn ohùn ìsàlẹ̀ tí ọmọrí wa kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó gbọ́ Sátọ̀ọ̀nù náà, èyí tí èèyàn ò lè gbọ́ láti Akóbọ̀ láé, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà lẹ fi ra rédíò. Ẹni tó bá ní rédíò òun ń mú Sátọ̀ọ̀nù nínú yàrá rẹ̀, ẹ bi í bóyá ínfátà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Níhìn-ín ni mo ti gbà pé kì í ṣe rédíò ni mo rà ní Queen Cinema. Àpótí tó ń sọ ohun tí wáyà bá gbọ́ ni. Wáyà ni rédíò, ₦10,500 sì ni.

Nǹkan kan ṣì kù. Júpítà kì í pariwo nígbà gbogbo. Ó ní òṣùpá kan tó ń jẹ́ Io, tó kún fún òkè oníná. Voyager 1 yìí náà ló jẹ́ kí a rí iná náà. Gbogbo ohun tí Io ń pọ̀ jáde ń dà sójú ọ̀nà rẹ̀, agbára òòfà Júpítà sì ń gbá a kọjá, nítorí Júpítà ń yí po ní wákàtí tí kò tó mẹ́wàá, Io sì ń lo wákàtí méjìlélógójì àti ààbọ̀ kó tó yí i ká. Iná ń ṣàn láàárín wọn bíi ti dáínámò kẹ̀kẹ́. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Bigg ló rí i ní 1964 pé bí Io bá dé ibì kan pàtó ni ariwo náà máa ń gbóná. Kì í sì í tàn káàkiri. Bí àrọ tí àwọn oníkẹrosíìnì fi ń rọ epo ló rí: ara àrọ náà nìkan ni ohùn ń gbà, inú rẹ̀ òfìfo ni. Bí ara àrọ ò bá kọjú sí ayé wa lóru yẹn, ẹ lè ní wáyà tó dé Ọ̀yọ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Àtẹ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ṣadé ọmọ mi ló ń bá mi wò ó lórí fóònù rẹ̀.

Ẹnìkejì mi tó ń ṣọ́ ọ̀sán sọ pé Àgùàlà ni mò ń wò. Mo ní rárá. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, àmọ́ Àgùàlà kì í rìn jìnnà sí oòrùn, ẹ kò lè bá a lókè orí láàárín òru. Ìràwọ̀ ńlá tó wà lókè orí wa ní aago mẹ́ta òru nínú oṣù Kejìlá 2025, tí kì í ṣẹ́jú, Júpítà ni.

Òru kẹtàlá. Ọ̀yẹ́ ti dé, ètè mi ti là, kò sí àrá níbì kankan. Àrá ṣe pàtàkì, nítorí ó máa ń ta sí rédíò. Iná ti lọ láti aago mẹ́jọ. Ní aago mẹ́ta ku díẹ̀ mo gbọ́ tí ínfátà Dókítà hu bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ó dákẹ́. Mo ki wáyà bọ ihò, mo fi íyàpíìsì sétí. Ìrọ́kẹ̀kẹ̀ lásán ni, irú èyí tó máa ń wà nígbà tí kò sí nǹkan. Mo jókòó. Nígbà tó di aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo gbọ́ ṣàà. Mo rò pé ẹnì kan ló ń gbálẹ̀. Mo yọ íyàpíìsì, mo fetí sí ìta, kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀. Mo fi í padà: ṣàà… ṣàà… ó ń wá, ó ń lọ, bí ìyá àgbà tó ń fi ìgbálẹ̀ ọ̀wọ̀ gbá àgbàlá, tí kò kánjú.

Ohun tí mo ṣe kò ju ohun tí ọmọ pólì èyíkéyìí máa ṣe lọ. Mo fa wáyà yọ nínú ihò: ó dákẹ́. Mo kì í bọ̀ ọ́ padà: ìyá àgbà ṣì ń gbálẹ̀. Mo yí nọ́ńbà sí 19, ó wà níbẹ̀. Mo yí i sí 21, ó wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò kì í wà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo àtẹ Ṣadé, Io wà níbi tó yẹ kó wà. Mo wòkè, Júpítà wà lókè ọparun mi, ó yẹ̀ sí àríwá díẹ̀. Ohun tó ń dún létí mi ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 35 ṣáájú, nígbà tí ínfátà Dókítà ti dákẹ́ tán. Kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ tó fi tán. Èmi ò mọ ìgbà tí mo dìde dúró.

Nísinsìnyí, àléébù tó gba ìràwọ̀ kan kúrò lọ́wọ́ rédíò yìí, nínú ìràwọ̀ márùn-ún tí mo fi ń díwọ̀n ọjà. Yàtọ̀ sí ohùn ìgbálẹ̀, Júpítà ní ohùn kejì, tó yára bí ìgbà tí gúgúrú ń bẹ́ nínú ìkòkò, ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Rédíò yìí kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó ní nǹkan kan nínú tó ń fúnra rẹ̀ fa ohùn sílẹ̀ bí ohùn bá ti sókè, tó sì ń gbé e sókè bó bá lọ sílẹ̀. Fún ìròyìn ó dára, kò ní jẹ́ kí asọ̀rọ̀ dí yín létí. Fún gúgúrú, ó ń tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ di ẹ̀kọ. Rédíò tó níyì ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa nǹkan náà, tèmi ò ní. Ẹ bèèrè bọ́tìnnì yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ṣadé ní kí ló dé tí mo ń ṣe wàhálà, òun ti gbọ́ ọ lórí fóònù: ohùn tí ọkọ̀ òfúrufú Juno kó jọ nígbà tó kọjá lókè Ganymede, òṣùpá Júpítà mìíràn, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2021, níbi tí kò ju nǹkan bíi 1,038 kìlómítà lọ sí i. Ó fi sétí mi. Ó dùn, ó ń hó bí ẹyẹ, ó ń fọn bí fèrè. Mo ní ọmọ mi, wọ́n ti yí ìyẹn padà kí etí èèyàn tó lè gbà á, ọkọ̀ tó sì gbà á, ọdún márùn-ún ló fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ Júpítà. Tèmi, orí ìjókòó ni mo wà. Ó ní ṣùgbọ́n ti Juno dùn ju tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lè jiyàn.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún rédíò náà. Ọ̀kan lọ nítorí gúgúrú, ọ̀kan lọ nítorí bọ́tìnnì ohùn àti bátìrì òkú. Ṣọ́ọ̀bù náà ń kọ́? Wọ́n jẹ́ kí n dán rédíò wò kí n tó sanwó, wọ́n fún mi ní omi tútù, wọ́n parọ́ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo máa padà lọ.

Mo tiẹ̀ ti padà lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé fóònù lọ́wọ́, mo fi ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lóru yẹn han ọmọkùnrin náà. Ó gbé e sétí, ó fojú kan òkè, ó fetí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ṣàà… ṣàà…

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, ó dá fóònù padà fún mi, àánú mi ń ṣe é. “Èyí ò mú nǹkan kan. Ẹ gbé e wá lọ́la, màá bá yín tún un ṣe. ₦3,000 péré.”